Iná Tí Adéjọbí Gbé Gun Àpáta

Kí iná mànàmáná tó wọ Adó-Èkìtì, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, òkú tàbí àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì ní láti kọ́kọ́ rí Adéjọbí. Gáàsì ló fi ń ṣòwò. Kì í ṣe àtùpà kékeré tí ìyàwó ilé ń gbé lọ sí ẹ̀yìnkùlé là ń wí. Àtùpà ńlá ni, tí a ń fi sípíríìtì yá gbóná, tí a sì ń fún ní atẹ́gùn léraléra títí àwọ̀n funfun inú rẹ̀ yóò fi là, tí yóò wá máa hó ṣìì, tí ojú agbo yóò sì mọ́ bí ọ̀sán. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó a wá háyà rẹ̀, Adéjọbí fúnra rẹ̀ a sì rù ú wá. Kì í rán ènìyàn.

Ọmọ Ìkìrun ni. Ó wà lára àwọn ọmọ ìlú mìíràn tí wọ́n wá tẹ̀dó sí Adó lẹ́yìn ogun Hítílà, àwọn tó ń ta aṣọ, àwọn tó ń ránṣọ, àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bàtà ló kọ́kọ́ ń bá ọ̀gá kan tà kó tó ra gáàsì àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, orí rẹ̀ ti ń pá, ó ti bímọ sí Adó, ó sì ti ń sọ irú èdè Èkìtì kan tó máa ń pa àwọn onílé lẹ́rìn-ín. Baba Gáàsì ni gbogbo ìlú ń pè é.

Ohun tó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà kì í ṣe èrè rẹ̀. Nígbà tí agbo bá ti pé nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń kọ lu ara wọn, tí ọmọ ń ké, tí ìyá ọmọ ń wá ìjókòó, Adéjọbí a fún gáàsì ní atẹ́gùn ìkẹyìn, àwọ̀n a sì là lójijì. Gbogbo agbo a hó lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó ti là!" Àwọn obìnrin a pàtẹ́wọ́. Adéjọbí a tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń kí. Fún ẹni tó jẹ́ àlejò nílùú, tí kò ní ilẹ̀, tí kò sì jẹ oyè, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó tún jẹ́ ẹni tó mọ̀wàáhù, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wàáhù. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí ènìyàn bá sọ pé "Ẹ má ṣe ìyọnu," ọmọlúwàbí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọlúwàbí náà ni yóò sì ṣe ìyọnu ọ̀hún. Ta ni yóò là á mọ́lẹ̀ pé kí àna òun gbé nǹkan wá fún òun? Nígbà tí Àríyọ̀ aránṣọ, ọmọ Ìkìrun bíi tirẹ̀, ń ṣílé, ó ní kí Adéjọbí má wulẹ̀ gbé iná wá, òṣùpá yóò wà. Adéjọbí gbé gáàsì méjì wá. Ìyàwó Àríyọ̀ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Àríyọ̀ alára ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́ tèmi." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe ń gbọ́ ara wọn yé. Ní Adó pàápàá, ìwà kan náà ni.

Ní ọdún 1957, Tíṣà Ilésanmí ń fẹ́ Olúyẹ́misí, àkọ́bí Adéjọbí. Ọmọ Ìgèdè ni Ilésanmí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Adó, ó sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá mọ ilé ìyàwó. Ẹnìkan ṣoṣo tí kò tíì fojú kan Adéjọbí nínú wọn ni ìyá bàbá Ilésanmí, arúgbó tí gbogbo wọn ń pè ní Yèyé. Òun ló tọ́ Ilésanmí. Bí Yèyé bá mí sí ọ̀rọ̀ kan nínú ilé náà, ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún náà ni ìròyìn dé pé ìràwọ̀ onírù kan ti ń yọ ní ojú ọ̀run lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ó wà nínú ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ní ìrọ̀lẹ́ ti ń rí i fìrí láàárín igi, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ilésanmí ní òun yóò kó ẹni tó bá fẹ́ lọ sí orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Ìyìn, kí wọ́n lè rí i dáadáa, kí òun sì sọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì tó fi ṣe ètò náà kò ju Yèyé lọ.

Yẹ́misí ló sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń lọ aṣọ lọ́wọ́.

"Bàbá, Yèyé ti rí irú ìràwọ̀ yẹn rí. Ní ọdún ogun Kírìjì ni. Ọmọ kékeré ni wọ́n. Bàbá wọn fẹ́ padà sí ibùdó ogun ní àfẹ̀mọ́jú, ó jí wọn, ó gbé wọn wá síta, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú wọn létí, ó yí ojú wọn sí i. Bàbá náà kò padà wá mọ́."

"Ha."

"Yèyé ní àwọn kò rántí ojú bàbá àwọn mọ́. Ọwọ́ tó mú wọn létí ni wọ́n rántí, àti ìràwọ̀ yẹn. Ojú wọn kan ti lọ tán báyìí, èkejì náà sì ń kú lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti tó àwọn."

Adéjọbí gbé ọwọ́ lérí orókùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó kàn jẹ́ pé ohun tó ń rò ni bí òun, bàbá ìyàwó, yóò ṣe bu ọlá fún irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ilésanmí dúró lórí ìjókòó gbọọrọ kan lábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún àwọn tó fẹ́ bá wọn lọ ohun tí wọ́n ní láti mọ̀.

"Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé," ni ó wí. "Ẹ wọ bàtà, nítorí àpáta náà ń yọ̀ bí òjò bá ti pa á. Ẹ mú aṣọ ìbora, atẹ́gùn wà lókè. Ẹ jẹ́ kí a ti jókòó kí oòrùn tó wọ̀. Ìràwọ̀ yìí kì í dúró de ènìyàn: kété tí ilẹ̀ bá ṣú ni yóò hàn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tẹ̀lé oòrùn wọlẹ̀."

Mojísọ́lá, obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbé ohùn sókè. "Tíṣà, ṣé a lè nàka sí i?"

"Ẹ lè nàka sí i, Màmá."

"Bí ọwọ́ mi bá rọ ńkọ́?"

"Ẹ fi ọwọ́ òsì nà án. Ẹ ó ṣì rí ọ̀tún fi jẹun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilésanmí dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀.

"Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Ẹ má mú iná wá. Ì báà ṣe fìtílà, ì báà ṣe tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń mu sìgá, kó fi í sílé. Ojú ènìyàn ní láti mọ òkùnkùn lára kó tó lè rí ohun tó rọra ń tàn nínú rẹ̀. Bí iná kan bá là sí wa lójú, ojú gbogbo wa yóò fọ́ fúngbà díẹ̀, kó sì tó là padà, ìràwọ̀ ti wọlẹ̀."

Ó wá yíjú sí Adéjọbí. Nítorí pé àna rẹ̀ ni, kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ń pàṣẹ fún un lójú ìjọ. Ó tẹrí ba, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ jẹ́ kí gáàsì sinmi lọ́jọ́ náà. Ẹ kàn wá jókòó bí ọlọ́lá. Ẹ má ṣe ìyọnu kankan."

"A ti gbọ́, Tíṣà," ni Adéjọbí wí. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń fi àkísà nu gáàsì tó dára jù nínú gbogbo wọn, tó sì ń da kẹrosíìnì sí i.

"Ta ló háyà ìyẹn lónìí?"

"Kò sẹ́ni tó háyà rẹ̀. Ti Yèyé ni."

Bọ́sẹ̀ gbé igbá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé Tíṣà ní kí ẹ má mú iná wá?"

"Bọ́sẹ̀, ọmọ tó ń fẹ́ ọmọ mi, ṣé yóò dúró níwájú ìjọ kó ní, 'Bàbá, ẹ wá tan gáàsì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́'? Ojú ló ń tì í. Ìwọ náà mọ̀."

"Ó sọ ìdí rẹ̀ o. Ó ní ojú àwọn ènìyàn..."

"Ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn. Arúgbó tó ti Ìgèdè wá, kó gun àpáta nínú òkùnkùn, kó sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn, kí wọ́n wá máa bi ara wọn pé kí tilẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá ìyàwó? Gbogbo ènìyàn ni kò gbọdọ̀ mú iná wá. Èmi ńkọ́?"

Bọ́sẹ̀ tún gbé igbá rẹ̀. "Ẹ bi Yẹ́misí ná."

"Kí n lọ bi ọmọ mi bí mo ṣe máa ṣe é fún àna mi?"

Kò bi í. Ó ní kí Bọ́sẹ̀ máa bá àwọn yòókù lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ojú ọ̀run sì mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi pé sórí àpáta: àwọn ọmọ ìjọ, àwọn tíṣà bíi mélòó kan, Mojísọ́lá àti aṣọ ìbora rẹ̀, Yẹ́misí, Bọ́sẹ̀. Ilésanmí pọn Yèyé sẹ́yìn gun òkè náà, ó sì tẹ́ ẹní fún un ní iwájú gbogbo wọn. Yèyé kéré, ó gbẹ, ó fi ìborùn wé orí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Oòrùn wọ̀. Ojú ọ̀run pọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dú. Ìràwọ̀ kan yọ, òmíràn yọ. Ilésanmí ń rán wọn létí pé kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n má wo ilẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ojú wọn mọ òkùnkùn. Bọ́sẹ̀ nìkan ló ń bojú wẹ̀yìn sí ọ̀nà tí wọ́n gbà gòkè.

"Ó ti yọ!" ni ọ̀dọ́mọdé tíṣà kan wí ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ó yọ lóòótọ́, nísàlẹ̀ ojú ọ̀run, lókè àwọn igi ọ̀pẹ, ó rọra funfun, ìrù rẹ̀ dà sókè bí ìgbálẹ̀. Àwọn kan pariwo, àwọn kan dákẹ́. Mojísọ́lá kò rántí nàka.

"Níbo?" ni Yèyé wí. "Níbo ni ùràwọ̀ ọ̀ún wà?"

"Lókè ọ̀pẹ yẹn, Yèyé."

"Mi ò rí ọ̀pẹ. Mú mi létí."

Ilésanmí kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú etí rẹ̀, ó sì rọra ń yí orí rẹ̀ bọ̀.

"Dúró," ni Yèyé wí. "Dúró níbẹ̀ yẹn. Ó dà bí ẹni pé..."

Ní gbogbo àkókò yìí, Adéjọbí wà ní ẹsẹ̀ òkè, lẹ́yìn òkúta ńlá kan. Ó ti mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́, nítorí iná ọ̀sán kò níyì. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú pátápátá. Ó yá gáàsì gbóná, ó fún un ní atẹ́gùn títí tó fi hó, ó sì gbé e lọ́wọ́ sókè, ó ń gun àpáta lọ. Agbádá ló wọ̀.

Iná náà yọ sí wọn láti ẹ̀yìn bí oòrùn òjijì. Òjìji gbogbo wọn na gbọọrọ lórí àpáta. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ojú, ọmọ kan figbe ta. Bí ó ti mọ́ ìlú lára, ẹnìkan tilẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá tó hó pé, "Ó ti là!" kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Adéjọbí gbọ́ ariwo, ó rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ó la àárín wọn kọjá, ó lọ tààrà sí iwájú níbi tí Yèyé jókòó sí, ó gbé gáàsì kalẹ̀ sí apá ọ̀tún rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí Yèyé lójú dáadáa, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Yèyé. Ẹ kú àtigun òkè. Èmi ni bàbá Yẹ́misí."

Yèyé ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Bàbá, ẹ pa á," ni Ilésanmí wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Kò nira fún mi rárá, Tíṣà."

"Ẹ pa á, Bàbá!"

"Ẹ má dá ara yín lágara, ìnáwó tiwa ni."

"Bàbá!" Yẹ́misí ló ké báyìí. Kò pe bàbá rẹ̀ ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. "Wọn ò fẹ́ ẹ! Wọ́n ní kí ẹ má mú un wá! Ẹ pa á!"

Nígbà náà ni Adéjọbí gbójú sókè láti ilẹ̀ tó wà. Ó rí ojú àwọn ènìyàn. Ìyẹn ni ohun tí gáàsì náà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: kò sí ojú kan tí kò hàn. Ó rí Mojísọ́lá tó la ẹnu sílẹ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó rí Bọ́sẹ̀ tó ń wo ilẹ̀. Ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní etí ìyá rẹ̀ àgbà.

Ó tú atẹ́gùn gáàsì náà sílẹ̀. Gáàsì kì í kú lójijì bí fìtílà tí a fẹ́ pa. Ó rọra ń relẹ̀ ni, ó ń mí, àwọ̀n rẹ̀ sì tún pọ́n fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Adéjọbí bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀, ó fẹ́ fi bò ó. Wọ́n kígbe mọ́ ọn pé yóò jóná. Ó wá fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí i, ó dì mọ́ ọn bí ẹni tó gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn, ooru rẹ̀ ń jó o láyà, kò sì gbé e sílẹ̀.

Òkùnkùn padà dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkùnkùn ti àkọ́kọ́. Ibi tí ènìyàn bá kọjú sí, àmì iná náà ni yóò máa rí níwájú ojú, ó ń léfòó. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣẹ́jú, wọ́n ń nu ojú. Nígbà tí ojú wọn fi là padà, orí ìràwọ̀ náà ti wọ inú ọ̀pẹ lọ. Ìrù rẹ̀ díẹ̀ ló kù, ìyẹn náà sì ń parẹ́ lọ.

"Ilésanmí," ni Yèyé wí. "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó ti wọlẹ̀, Yèyé," ni Ilésanmí wí.

"Ó ti lọ."

"Ó ti lọ."

Yèyé mú ọwọ́ Ilésanmí kúrò létí ara rẹ̀, ó fà á wá síwájú, ó sì dì í mú sórí ẹsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń múra àtisọ̀kalẹ̀ ni ohun tó burú jù fún Adéjọbí ṣẹlẹ̀. Ilésanmí ti ṣètò pé kí wọ́n dúró lókè títí ojú gbogbo wọn yóò fi mọ òkùnkùn, kí wọ́n wá rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ti fọ́, àwọn ọmọdé ń ké, inú àwọn kan ti bàjẹ́, wọ́n fẹ́ lọ sílé. Obìnrin kan yọ̀, ó ṣubú. Ilésanmí wá sọ́dọ̀ Adéjọbí, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án báyìí. Kí àwọn ènìyàn má baà farapa."

Ó tàn án. Ẹnikẹ́ni kò hó. Ó ní láti ṣáájú, nítorí òun ló gbé iná, gbogbo wọn sì ń tẹ̀lé e. Wọ́n wà nínú òjìji lẹ́yìn rẹ̀; òun nìkan ni iná náà ń là lójú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti oko lójú ọ̀nà Ìyìn, dúró wo Baba Gáàsì tó wọ agbádá, tó ń sọkún gba orí àpáta bọ̀. Wọ́n bi í léèrè pé ta ló kú.

Ní ọjọ́ kejì, ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e, òjò. Ilésanmí ní kí Yèyé dúró sí Adó ná, ó sì dúró. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Adéjọbí ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo apá ìwọ̀-oòrùn, bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń wá òjò, àmọ́ ohun tí òun ń wá ni kí òjò má rọ̀. Ó rọ̀. Nígbà tí ojú ọ̀run yóò fi mọ́, ìràwọ̀ náà ti jìnnà, ó ti ṣú débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ mú ṣáṣá ló lè rí i, Yèyé sì ti wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà padà sí Ìgèdè.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó dé ọjà. "Baba Gáàsì, ẹ wá tan iná kí a lè rí òṣùpá o!" ni àwọn ọmọ ń wí fún un. Mojísọ́lá ló kọ́kọ́ pa á ní àwàdà, ó sì dùn ún lẹ́yìn náà pé òun pa á. Ó bá àwọn ọmọ náà wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá wá háyà gáàsì, Adéjọbí a ní kí wọ́n máa gbé e lọ, kí wọ́n tàn án fúnra wọn. Kò fẹ́ dúró lójú agbo mọ́. Nínú ilé, Yẹ́misí ń kí i, ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún un jẹ́jẹ́ bí a ti ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ nítorí ohùn tó fi pè é lórí àpáta. Ì bá sàn fún Adéjọbí bí kò bá bẹ̀ ẹ́.

Níkẹyìn, ó ní kí Àríyọ̀ aránṣọ bá òun lọ sí Ìgèdè. Wọ́n mú obì àti iṣu lọ́wọ́. Yèyé jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí, ìka rẹ̀ ló fi ń rí i. Adéjọbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò dìde.

Àríyọ̀ ló gbẹnu sọ. Ó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. "Yèyé, a wá tọrọ àforíjì ni. Àṣìṣe ni, kì í ṣe ìkà. Ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń wí pé kò tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ pé kò tó nǹkan."

Yèyé ń ṣa ẹ̀gúsí. "Ẹni tó gbé uná wá dà?"

"Èmi nìyí, Yèyé," ni Adéjọbí wí láti ilẹ̀.

"Wọ́n ní Ilésanmí sọ fún ọ pé kí o má gbé e wá."

"Ó sọ fún mi."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé ojú ló ń tì í ni. Mo rò pé bí mo bá wá lọ́wọ́ òfo, ẹ ó ní n kò mọ̀wàáhù."

Yèyé ju èèpo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí lo wá rí?"

"Ẹ̀n?"

"Ùràwọ̀ náà. Ilésanmí ti sọ bí ó ṣe rí fún mi, ọ̀rọ̀ tíṣà pọ̀ nínú tirẹ̀. Ìwọ náà sọ tìrẹ. Báwo ni ìrù rẹ̀?"

Àríyọ̀ fi ẹsẹ̀ tọ́ Adéjọbí. Ó rọrùn láti sọ pé ó gùn, pé ó funfun, pé ó lẹ́wà. Gbogbo ìlú ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Arúgbó kan fẹ́ gbọ́ ọ, yóò sì dùn mọ́ ọn nínú.

"Mi ò rí i, Yèyé. Nígbà tó yọ, mò ń fún iná ní atẹ́gùn lẹ́yìn òkúta. N kò gbójú sókè."

Ọwọ́ Yèyé dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó yí ojú rẹ̀ tó kù sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Ìwọ náà ò rí i," ni ó wí.

"N kò rí i."

"Dìde, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kò sí nínú èyí. Yẹ́misí ọmọ dáadáa ni, yóò wá sí ulé mi. Mo gba obì yín. N kò ṣépè, n kò sì bínú." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀gúsí. "Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n sọ pé kò tó nǹkan. Ó tó nǹkan."

Àríyọ̀ la ẹnu láti tún bẹ̀bẹ̀. Adéjọbí dì í lọ́wọ́ mú.

Wọ́n gún iyán fún wọn. Àríyọ̀ jẹun. Adéjọbí bu òkèlè kan, ó sì dá a padà sínú àwo.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà ni ìgbéyàwó wáyé. Yèyé wá, wọ́n mú un lọ́wọ́ wọ ilé, nítorí kò ríran mọ́ rárá. Ó gbàdúrà fún ìyàwó, ó gbàdúrà fún bàbá ìyàwó pẹ̀lú, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Adéjọbí, kì í ṣe orúkọ tí ìlú ń pè é.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní Adó, ìràwọ̀ onírù náà ń tóbi sí i lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Ìrù rẹ̀ ń gùn sí i. Àwọn tó wà ní oko lọ́jọ́ náà, àwọn tí a kò tíì bí pàápàá, ti ń sọ bí ó ṣe rí. Bí wọ́n bá jókòó tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ẹnìkan a yíjú sí àgbàlagbà tó dákẹ́ sí igun, a ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà rí i, àbí?"

"Mo wà níbẹ̀," ni Adéjọbí yóò wí.

Bí Yẹ́misí bá wà nítòsí, a dìde, a bu omi tútù wá fún bàbá rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àlejò léèrè àlàáfíà ilé wọn.